Yapok nínú omi, lórí ilẹ̀ àti lórí igi: ẹsẹ̀ wo ló ń ṣáájú?

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àǹtí. Kátúùnù oníṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn níbí, Yorùbá sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Yapok ni ẹranko tí wọ́n ní kí n yà. Ẹranko alápò kékeré ni, Amẹ́ríkà Gúúsù ló wà, Chironectes minimus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìran mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ náà: ó ń wá ẹja nínú odò, ó jáde sí etí omi ó ń rìn, lẹ́yìn náà ó gun igi.

Mo ti to egungun rẹ̀ sínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya kátúùnù, férémù (àwòrán) 24 sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Egungun ajá tí mo ní tẹ́lẹ̀ ni mo gé kúrú, ìrìn ajá náà ni mo sì lò fún ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò bá a mu rárá. Nínú omi, ara ń fò sókè sódò. Lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ ń yọ̀ bó ṣe ń rìn. Lórí igi, àtẹ́lẹsẹ̀ ò kan ẹ̀ka, ó kàn ń léfòó ni.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: ẹsẹ̀ wo ló ń ṣáájú, èwo ló ń tẹ̀ lé e, ní ibi kọ̀ọ̀kan? Ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń lúwẹ̀ẹ́ ni? Kí ni iṣẹ́ ìrù? Kò sí yapok nítòsí tí mo lè fi fóònù yà, ṣé mo lè ya òkété, ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí pẹ́pẹ́yẹ dípò rẹ̀? Igi wo ni mo sì lè yà sẹ́yìn tí àwọn ọmọ yóò dá mọ̀ tí kò ní jẹ́ irọ́?

Onímọ̀_Sámọ̀ńdà

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ìyípo kan ṣoṣo, ìyẹn ìrìn ẹsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀, tí o lò fún ibi mẹ́ta ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹsẹ̀ tó ń ti ara síwájú nínú omi kọ́ ló ń ṣe é lórí ilẹ̀, ètò tí ẹsẹ̀ sì fi ń tẹ̀ lé ara wọn lórí ilẹ̀ máa ń yí padà bí ẹranko bá dé orí ẹ̀ka tín-ín-rín. Omi ni n ó mú ṣáájú, torí ibẹ̀ ni yapok ti yàtọ̀ sí gbogbo ẹbí rẹ̀. Nínú gbogbo ẹranko alápò tó wà láàyè lónìí, òun nìkan ni ara rẹ̀ ti yí padà fún gbígbé inú omi àti orí ilẹ̀.

Kọ́kọ́ tún ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe. Láti imú dé ìdí ìrù jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 27 sí 32. Ìrù nìkan tó 36 sí 40, ó gùn ju ara lọ. Ìwọ̀n àgbà rẹ̀ wà láàrin gíráàmù 600 sí 800. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, pẹ̀lú àbààwọ́n ńláńlá aláwọ̀ dúdú tí ìlà dúdú kan so pọ̀ láti orí lọ dé ìdí. Ikùn rẹ̀ funfun. Irun bo ìdí ìrù díẹ̀, ìyókù jẹ́ awọ lásán, ó dúdú, ṣóńṣó rẹ̀ sì funfun. Òru ló ń jáde, nítorí náà oṣùpá ni kí o fi tan ìmọ́lẹ̀ sí ìran rẹ, má fi oòrùn ọ̀sán.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ló fi ń lúwẹ̀ẹ́. Awọ so àwọn ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀ títí dé ṣóńṣó ìka. Wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: bí òsì bá ń ti omi sẹ́yìn, ọ̀tún ń padà bọ̀ síwájú. Wọn kì í jọ tì í lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti àkèré. Ẹsẹ̀ iwájú kò ní awọ láàrin ìka. Ìka rẹ̀ gùn, orí ìka fẹ̀, èékánná rẹ̀ kò tó nǹkan, egungun kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́ tí a lè ṣì pè ní ìka kẹfà. Ńṣe ló ń na ọwọ́ méjèèjì yìí síwájú orí bó ṣe ń lọ, ó ń fi wọ́n tọ́ abẹ́ òkúta àti inú ẹrẹ̀ wò, bóyá ẹja, akàn, edé tàbí àkèré wà níbẹ̀. Nítorí náà, pa gbogbo ìyípo tó wà ní èjìká rẹ́ nínú ìran omi. Apá nà, ìka ń wá nǹkan, ó parí.

Tí o bá fẹ́ rí ìyàtọ̀, wo opossum ti Amẹ́ríkà Àríwá, Didelphis virginiana, ẹranko alápò mìíràn. Ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí kò ní awọ láàrin ìka. Òun ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa omi, bí ẹni tó kàn gbé ìrìn ilẹ̀ rẹ̀ wọnú odò. Ó ń gbà á kọjá odò, kò sí wàhálà, àmọ́ kò lè fi ọwọ́ wá ẹja nígbà tí ọwọ́ náà ń wa omi. Ohun tí o yà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, àbúrò: opossum lásán tí a kun lọ́dà yapok.

Ìyípo omi kan, férémù 12 ni kí o fún un. Èmi ni mo mú 12 torí ó rọrùn láti pín sí méjì. Bí ẹja bá sá, dín in kù sí 8.

Férémù 1, ẹsẹ̀ òsì wà lábẹ́ ikùn, orúnkún ká, ìka ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Láti 2 dé 5, ìka là tán, àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sẹ́yìn gbọọrọ, ẹsẹ̀ ń ti omi lọ. Ní 6, ẹsẹ̀ ti nà tán, ìka ń padé. Láti 7 dé 12, ìka ti pa pọ̀, awọ ká jọ bí agboòrùn tí a pa, ẹsẹ̀ ń padà síwájú ní ìtòsí ara. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n láti férémù 7 ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Báyìí, kò sí ìgbà tí ẹsẹ̀ kan kì í ti omi, ara yóò sì máa lọ ní ìwọ̀n kan náà láì ta kìjí.

Ìdí tí ìka fi gbọ́dọ̀ là kí ó sì pa dé rèé. Omi ń dá ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá dúró, agbára ìdádúró yìí sì ń pọ̀ bí ojú nǹkan náà bá ṣe fẹ̀ tó. Bí eré nǹkan náà bá di ìlọ́po méjì, ìdádúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ìdádúró yẹn gan-an ni ẹranko ń fẹ́, òun ni yóò fi ti ara rẹ̀ síwájú. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ síwájú, ọ̀tá rẹ̀ ni. Tí o bá fi ìka sílẹ̀ ní lílà ní férémù 7 sí 12, ojú ẹni tó ń wò yóò sọ fún un pé nǹkan kan ṣẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ohun náà: ẹranko ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fà á sẹ́yìn.

Fífò sókè sódò tí o rí wá láti ìbàdí ajá tí o ò tíì tú kúrò. Nínú omi, omi ló gbé ara, kò sí ẹsẹ̀ tó ń gbé e sókè kúrò nílẹ̀, kí ni yóò máa fò fún? Pa ìlọsókè-sódò ìbàdí rẹ́ pátápátá. Fi ìyípadà díẹ̀ sí òsì àti ọ̀tún rọ́pò rẹ̀, torí bí ẹsẹ̀ òsì bá tì, ìdí yóò fẹ́ yà, orí yóò sì tọ́ ọ padà. Ìwọ̀n igun 3 sí 4 tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ejò ni yóò jọ.

Ìrù kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kí ó tẹ̀ lé ara lẹ́yìn, kí ó máa rọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ayàwòrán kan máa ń ju ìrù sókè sódò bíi ti ẹja àbùùbùtán torí ó dára lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn nínú ẹranko yìí.

Ohun kan kù: irun. Irun rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi wọ awọ, ó sì nípọn débi pé afẹ́fẹ́ ń há sínú rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì, torí omi ń gba ooru kúrò lára tó ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe ń gbà á. Fún ìwọ, ohun tó já sí ni pé kí irun máa dán bíi fàdákà lábẹ́ omi, kí àwọn ìṣù afẹ́fẹ́ wínníwínní máa jáde lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ń gbé e lọ sókè. Tí ó bá fẹ́ dúró nísàlẹ̀ kó máa wá oúnjẹ, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dorí kọ ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ní kété tí ẹsẹ̀ bá dúró, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Olùkọ́_Ọ̀jẹ́

Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òkété kì í ṣe ẹbí yapok ni? A mọ̀ pé òkété náà ní àpò, wọ́n sì jọra lójú. Ìbéèrè kejì: bí yapok bá gbé ọmọ sínú àpò tó sì wọ odò, ṣé omi ò ní pa àwọn ọmọ náà ni?

Onímọ̀_Sámọ̀ńdà

Rárá mà, wọn kì í ṣe ẹbí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àpò òkété wà, oúnjẹ ló ń kó sínú rẹ̀. Inú ìyá ni ọmọ òkété ti ń dàgbà tó kó tó jáde. Ti ẹranko alápò yàtọ̀: wọ́n ń bí ọmọ ní tín-ńtín, opossum ti Amẹ́ríkà Àríwá kì í lóyún ju nǹkan bí ọjọ́ 13 lọ, ọmọ yóò sì rá lọ gbá ọmú mú, ibẹ̀ ni yóò ti parí ìdàgbàsókè rẹ̀. Kò sí ẹranko alápò kankan tó jẹ́ ti igbó Áfíríkà lónìí. Amẹ́ríkà, Ọsirélíà, New Guinea àti àwọn erékùṣù ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n wà.

Ní ti omi, ẹnu àpò abo yapok kọjú sẹ́yìn, iṣan kan sì yí ẹnu àpò náà ká tí ó ń fún un pa kí ó tó wọ omi. Bí ẹnu àpò bá kọjú síwájú, omi tó ń kọ lu ara ni yóò máa ṣí i. Akọ pàápàá ní àpò, ibẹ̀ ló ń fa kórópọ̀n rẹ̀ sí nígbà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Àbúrò lè fo ti akọ nínú kátúùnù àwọn ọmọdé.

Férémù_Challenge

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀gá ti parí ti omi, ẹ jẹ́ kí n mú ti ilẹ̀, iṣẹ́ ìṣirò ló pọ̀ níbẹ̀.

Ayàwòrán, ẹ kọ́kọ́ tún ọrùn ẹsẹ̀ ṣe. Orí ìka ni ajá fi ń rìn, ohun tó rí bí orúnkún tó yí sẹ́yìn lára ajá, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni. Yapok àti àwọn opossum yòókù ń fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, gìgísẹ̀ kàn án. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì ń lo egungun ajá, kò sí ìyípo tí yóò gbà yín. Ẹ gbé gìgísẹ̀ wá sílẹ̀, ẹ fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gùn ju ti iwájú, ẹ jẹ́ kí ikùn sún mọ́ ilẹ̀.

Ètò ẹsẹ̀ bó bá ń rìn jẹ́ẹ́: ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún. Nínú ìyípo férémù 24, ẹ̀yìn òsì tẹ ilẹ̀ ní 1, iwájú òsì ní 7, ẹ̀yìn ọ̀tún ní 13, iwájú ọ̀tún ní 19. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀ fún férémù 16, kó wà lókè fún 8. Tí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́ta wà nílẹ̀ fún férémù mẹ́rin, ẹsẹ̀ méjì fún férémù méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé òpin. Bí ẹ bá rí férémù kan tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, ẹ ti ṣi í.

Bó bá fẹ́ sáré díẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa lọ ní méjì méjì ní igun sí igun: ẹ̀yìn òsì pẹ̀lú iwájú ọ̀tún ní férémù 1, ẹ̀yìn ọ̀tún pẹ̀lú iwájú òsì ní férémù 9, nínú ìyípo 16.

Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀: ẹ wọn ibi tí ẹsẹ̀ kan ti tẹ ilẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ yẹn kan náà tún ti tẹ̀ ẹ́. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 18 ni. Ẹ pín 18 sí 24, ó jẹ́ 0.75. Bí ara ṣe gbọ́dọ̀ sún síwájú ní férémù kọ̀ọ̀kan nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Bí ara bá sún 1 sẹ̀ǹtímítà, ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ yóò máa yọ̀ síwájú. Bó bá sún 0.5, yóò máa yọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti ara síwájú ní ojú lásán, wọ́n wá ń fi gbogbo òru tún ẹsẹ̀ ṣe. Ara ni kí ẹ tún ṣe.

Lórí ilẹ̀, awọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ má là á gbẹrẹgẹdẹ; ìka là díẹ̀, awọ ká láàrin wọn. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì gòkè díẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ nígbà tó bá ń kọjá síwájú, torí ó gùn, ìka rẹ̀ yóò wọnú ilẹ̀ bí ẹ ò bá gbé e sókè.

Ní ti ohun tí ẹ lè fi fóònù yà: pẹ́pẹ́yẹ ló dára jù fún omi. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, awọ rẹ̀ ń là bó bá ń tì í, ó ń pa dé bó bá ń padà. Ẹ fi í sínú àpótí dígí tí omi rẹ̀ mọ́, ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ní ìpele omi, ẹ yà á ní férémù 240. Bí ẹ bá mú àwòrán kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá, 24 yín ti pé. Ẹ má yà á láti òkè, ẹ ò ní rí igun ìka. Òkété dára fún ilẹ̀, òun náà ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èékánná ló fi ń gun igi, ó ń fò ni, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yí padà sẹ́yìn nígbà tó bá ń dorí kodò sọ̀kalẹ̀. Opossum kì í rìn báyẹn lórí ẹ̀ka.

Agun_Àràbà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé púpọ̀. Ìran igi ni ìṣòro mi wà, àwọn tó yan yapok fún un ni mo sì fẹ́ bá wí. Yapok kì í sábà gun igi. Ẹsẹ̀ tí awọ so ìka rẹ̀ pọ̀ dé ṣóńṣó kò lè yí ẹ̀ka ká dáadáa. Ohun tó mú un mọ omi í lò náà ló gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ihò létí odò ló ń sùn, ẹnu ihò náà sì máa ń wà lókè omi díẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹranko kan ṣoṣo fún ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, opossum olójú mẹ́rin, Philander, ni kí ẹ yà. Ojú méjì ló ní, àmì funfun méjì tó wà lókè ojú ló fa orúkọ. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, ó ń rìn nílẹ̀, ó ń gun igi, ìrù rẹ̀ sì ń di nǹkan mú.

Ètò ẹsẹ̀ lórí ẹ̀ka rèé. Caluromys, opossum tí irun rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí òwú, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, torí orí igi ló ń gbé: ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹ fi wé ti ilẹ̀ tí Férémù kọ sókè. Lórí ilẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀yìn òsì bá tẹ̀, iwájú òsì ló kàn. Lórí ẹ̀ka, iwájú ọ̀tún ló kàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀bọ náà ń rìn báyìí.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá nà lọ fọwọ́ kan ibi tí kò tíì dán wò, tó lè dá tàbí tó lè yọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ di ibi tó ti dán wò mú, ó sì wà nítòsí àárín ara. Bí ẹ̀ka iwájú bá dá, ara ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn gbé ìwọ̀n ara púpọ̀ ju iwájú lọ. Apá nà jìnnà síwájú, ìgúnpá rọ̀, ọwọ́ kò sọ ara rẹ̀ lé ẹ̀ka lójijì.

Ìyípo férémù 32 ni kí ẹ fún un. Ẹsẹ̀ tẹ̀ ní 1, 9, 17 àti 25. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan di ẹ̀ka mú fún férémù 24, kó wà lófuurufú fún 8. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló máa di ẹ̀ka mú nígbà gbogbo, kò sí ìgbà kankan tí yóò jẹ́ méjì.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ dojú kọ. Kò ní èékánná, ó dá dúró kúrò lára ìka mẹ́rin yòókù, ó sì ń kọjú sí wọn. Kí ìka mẹ́rin gba òkè ẹ̀ka lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àtàǹpàkò gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Léfòó tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín ń léfòó, ìka ajá kò lè ká ni.

Bí ẹ̀ka bá ti tóbi tó ló ń pinnu bí ẹsẹ̀ yóò ṣe dì í mú. Ká ní ẹsẹ̀ là tán, láti àtàǹpàkò dé ìka tó jìnnà jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ̀ka tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 3, àyíká rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 9.4, ìdajì rẹ̀ 4.7. Ẹsẹ̀ yóò gba ìdajì ẹ̀ka náà, ó ti dì í mú nìyẹn. Ẹ̀ka tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10, kò ní gbà á dé ìdajì, àtẹ́lẹsẹ̀ kàn gbé e lé e lórí ni, èékánná ló kù. Nítorí náà, ẹ ya ẹ̀ka tó wà láàrin 2 sí 3. Èyí tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń mì, ẹ ó sì ní láti mì í ní gbogbo ìgbésẹ̀.

Ìrù ń ṣiṣẹ́ níbí. Nígbà tí ọwọ́ kan bá lọ já èso, kí ìrù yí ẹ̀ka ká láti abẹ́, ìyípo kan tàbí kan àtààbọ̀. Bó bá ń rìn, ó lè wà lẹ́yìn lásán, kó máa yà sí òdìkejì ibi tí ara bá fẹ́ ṣubú sí. Ẹ má ṣe so àgbà rọ̀ láti fi ìrù sùn, bí àwòrán àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe. Ìrù àgbà kò gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ pẹ́.

Igi ẹ̀yìn: àràbà wà ní ilẹ̀ wa, ó sì wà ní Amẹ́ríkà Gúúsù látìgbà tó ti pẹ́, àwọn ọmọ Ìbàdàn yóò dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n má fi ẹranko yín gun ìdí àràbà. Ìdí rẹ̀ tóbi ju kí ẹsẹ̀ yí i ká, ẹ̀gún tún wà lára ọ̀dọ́ rẹ̀. Kí ó gba ara okùn igbó tó rọ̀ sílẹ̀ gòkè. Kòkó ló tún dára jù, ibẹ̀ gan-an ni kòkó ti wá, ẹ̀ka rẹ̀ kò sì ga. Ẹ yọ ọ̀pẹ àti ìrókò kúrò, ti Áfíríkà ni wọ́n.

Onímọ̀_Sámọ̀ńdà

Òótọ́ lo sọ nípa igi, mo gbà. Mi ò kàn gbà pé kí ó sọ yapok nù. Tó bá lo Philander nínú omi, ẹsẹ̀ tí kò ní awọ ni àwọn ọmọ yóò rí, ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ náà sì lọ nìyẹn. Àbúrò, ya méjì. Yapok fún omi àti etí odò, kó dé orí ìtì igi kan tó ṣubú sínú odò, kó dúró níbẹ̀. Kí ó gbójú sókè, kí a rí Caluromys lórí ẹ̀ka kòkó. Ó ń gbé Amẹ́ríkà Gúúsù bíi tirẹ̀, òun náà ń jáde lóru. Ìyípo igi tí Agun_Àràbà kọ yìí, tirẹ̀ gan-an ni.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Méjì ni n ó yà. Mo ti gbé gìgísẹ̀ wá sílẹ̀, ẹsẹ̀ ò yọ̀ mọ́. Ọ̀kan ló kù: láti inú omi bọ́ sórí òkúta etí odò, báwo ni mo ṣe máa so ìyípo 12 mọ́ ìyípo 24? Tí mo bá so ó lásán, ó ń ta gbọ̀n.

Férémù_Challenge

Ẹ má so méjèèjì taara. Ẹ ya férémù 10 sí 14 sáàárín fúnra yín. Ọwọ́ ti nà síwájú tẹ́lẹ̀ nínú omi, nítorí náà ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ kan òkúta, òsì ṣáájú, ọ̀tún tẹ̀ lé e lẹ́yìn férémù 3 tàbí 4. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa bá iṣẹ́ omi lọ títí àyà yóò fi kúrò nínú omi. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rin pa iṣẹ́ dà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìbàdí bá ṣe ń jáde ni ìwọ̀n ara ń padà wá, torí omi kò gbé e mọ́: kí èjìká rẹlẹ̀ díẹ̀ ní férémù 5 sí 8, kí ìgúnpá ká. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yìn òsì pa ìka dé, kó gbé gìgísẹ̀ lé òkúta. Férémù yẹn ni ẹ pè ní 1 ti ìyípo ilẹ̀. Kí omi máa kán láti irun ikùn àti ṣóńṣó ìrù fún nǹkan bí férémù 20, kí irun ẹ̀yìn má lẹ̀ mọ́ ara.

Agun_Àràbà

Ẹ dín ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lórí òkúta kù sí sẹ̀ǹtímítà 12, kí ẹ tó padà sí 18. Òkúta tó tutù ń yọ̀. Àti pé bí ìbú ìgbésẹ̀ bá ti yí padà, ẹ tún 0.75 yẹn ṣírò: 12 pín sí 24 jẹ́ 0.5.